Bàbá Àgbà àti Ilé Búrẹ́dì Òkukù

Bàbá Àgbà wa kì í jókòó sórí àga tí wọn ò bá tíì yẹ̀ wò. Wọ́n á dojú àga náà délẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọjú wo ibi tí igi ti wọnú igi, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e nàró, tí wọ́n á wá rọra jókòó. Kò sí ibi tí wọn kì í ti ṣe é. Wọ́n ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣe é nílé ìwòsàn, wọ́n sì ṣe é nílé àwọn àna mi ní Òṣogbo lọ́jọ́ tí ẹbí wa kọ́kọ́ lọ kí wọn. Àga tó dára jù nínú pálọ̀ ni àwọn àna gbé fún wọn. Bàbá Àgbà dúpẹ́, wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Màmá mi fi ìborùn bojú. Bàbá ọkọ mi rọra bèèrè pé, “Bàbá, ṣé ẹ̀ ń wá nǹkan ni?”

“Rárá o. Àga yín dáa gan-an ni, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ṣàìsàn. Ẹ bá mi wá òòlù.”

Kí oúnjẹ tó délẹ̀, ara ẹsẹ̀ àga ti yá.

Káfíńtà ni wọ́n, ní Ìkìrun. Bàbá Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, débi pé àwọn kan ò mọ orúkọ mìíràn fún wọn. Èmi Bọ́lá ni ọmọ tí àkọ́bí wọn bí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Inísà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni Bàbá Àgbà sùn tí wọn ò jí mọ́. Mo ti sunkún tó, mi ò sì fẹ́ sunkún sórí ìwé yìí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nígbàkígbà tí mo bá rántí wọn, inú mi máa ń dùn, ara mi á yá gágá, bí ìgbà tí wọ́n bá pè mí lórí fóònù ní àárọ̀ Sátidé pé, “Bọ́lá, múra. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi wò.” Nǹkan yẹn lè jẹ́ igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó lè jẹ́ ilé àtijọ́ kan tí òrùlé rẹ̀ wù wọ́n. Wọn kì í ṣàlàyé lórí fóònù. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti mọ ohun tó ń lọ wò kò ní fojú sílẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ òrùlé yìí ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ló bí gbogbo ìyókù. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni Bàbá Àgbà fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé olórùlé. Onílé àkọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn torí ó fẹ́ máa ta sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Èkejì ní ariwo ayùn ń fọ́ òun lórí. Wọ́n wá lọ pa àtíbàbà sẹ́bàá títì, àwọn tó ń fẹ títì dé, wọ́n sì wó o. Gbogbo ìgbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, Bàbá Àgbà á kó ayùn, òòlù àti tábìlì iṣẹ́ wọn sínú ọkọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Ó máa ń dùn wọ́n, wọn ò sì purọ́ fún wa pé kò dùn wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó kú ni ibi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè lé wọn kúrò. Onílé tí orí ń fọ́ yẹn ni wọ́n dá lóhùn lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó jáde, tí gbogbo àdúgbò sì gbọ́.

“Ọjọ́ tí mo bá ní òrùlé tèmi, mà á lo ayùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí orí bá fọ́, kó lọ ra oògùn.”

Ìjà wọn kì í pẹ́, àmọ́ wọ́n mọ ìjà á jà. Wọ́n bá ẹgbẹ́ kan jà ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí bẹ́ǹṣì. Bàbá Àgbà ni wọ́n kan gbogbo bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkìrun, nígbà tí ara wọn ṣì le. Nígbà tí ó tó àkókò àjọ̀dún, ẹgbẹ́ yẹn ra ọ̀dà aláwọ̀ búlúù, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kun bẹ́ǹṣì kó lè bá aṣọ pẹpẹ mu. Bàbá Àgbà gbọ́, wọ́n fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, wọ́n sì káwọ́ gbera. Àlùfáà ló bá wọn sọ̀rọ̀ títí. Nígbẹ̀yìn, ògiri ni wọ́n kun ní búlúù, bẹ́ǹṣì sì wà bó ṣe wà títí di òní.

“Ẹ kun ògiri bó ṣe wù yín,” ni Bàbá Àgbà wí fún wọn, “àmọ́ ẹ jẹ́ kí igi mí.”

Màmá Àgbà, ìyàwó wọn, máa ń sọ pé igi lòun bá lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ, igi lòun sì ń bá gbé. Pákó ìrókò kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn, tó nípọn, tó gbẹ dáadáa. Bàbá Àgbà rà á nígbà tí màmá mi ṣì wà ní kékeré. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ni wọ́n fẹ́ fi ṣe fún ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n máa ní lọ́jọ́ kan. Àwọn oníbàárà olówó bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n fi kan tábìlì fún àwọn, wọ́n kọ̀. Bí Màmá Àgbà bá sì ń gbálẹ̀, tí ìgbálẹ̀ bá kọ́ igi yẹn, ìjà dé nìyẹn.

“Ìwọ ṣáà máa sùn lé e lórí,” ni wọ́n máa ń sọ. “Mo ti rí ibi tó ń lọ.”

“Mo ti rí i.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n lè dúró níwájú gẹdú tí ẹrẹ̀ bo mọ́lẹ̀, kí wọ́n ní àwọn ti rí i, kí o máa wo ojú wọn láìmọ ohun tí wọ́n rí, lẹ́yìn oṣù kan kóbọ́ọ̀dù ti jáde nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí ilé Òkukù náà nìyẹn. Wọ́n ti ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún nígbà náà. A gbé ibùsùn lọ fún oníbàárà kan ní Òkukù, èmi àti Bàbá Àgbà jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Bí a ṣe ń padà bọ̀ wá sí Ìkìrun, wọ́n ṣàdédé gbá dírẹ́bà lápá pé, “Dúró, dúró, dúró.” Mo rò pé nǹkan já bọ́ nínú ọkọ̀ ni. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn kí ọkọ̀ tó dúró tán.

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, fàráńdà rẹ̀ gùn gbọọrọ, fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ onípákó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ilé gígùn kan wà tí páànù rẹ̀ ti pọ́n fún ìpẹtà. Òjò ti fọ ohun tí wọ́n kọ sára ògiri rẹ̀, àmọ́ a ṣì lè ka “búrẹ́dì” níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún táyà ṣe lódìkejì títì sọ fún wa pé ilé búrẹ́dì Màmá Oníbúrẹ́dì ni, pé ìyá náà ti kú tipẹ́, pé àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wá ẹni tó máa ra àti ilé gbígbé àti ilé búrẹ́dì pọ̀. Ó lọ pe àkọ́bí ìyá náà, Bàbá Délé, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì rí àgbàlagbà tí inú rẹ̀ dùn báyẹn rí. Òrùlé ilé búrẹ́dì náà ga débi pé èèyàn lè gbé pákó tó gùn jù lọ nàró níbẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ tò lọ lọ́tùn-ún lósì, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé bó ṣe yẹ. Bàbá Àgbà pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n dẹtí sílẹ̀, wọ́n ní, “O gbọ́ bó ṣe dáhùn?” Wọ́n fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ lọ, wọ́n fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n bọ̀. Wọ́n ki orí bọ inú ààrò búrẹ́dì, èyí tó tóbi tó yàrá kékeré, wọ́n sì jáde pẹ̀lú èédú lórí fìlà.

“Bọ́lá, o mọ ìdí tí ilẹ̀kùn àwọn káfíńtà fi máa ń lọ́ nígbà òjò? Pákó kì í gbẹ. Tí a bá dá iná díẹ̀ sínú ààrò yìí, tí a wá kó ẹ̀yinná jáde, tí a to pákó sínú ooru tó kù, á gbẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá yìí kọ́ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi, kò mọ̀ ni.”

Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ara èmi náà ti gbóná. Mo rí tábìlì iṣẹ́, mo rí àga tuntun tí wọ́n tò sí fàráńdà, mo rí Màmá Àgbà tí wọ́n ń pariwo nítorí èérún pákó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi náà ti rí i.

Ẹ̀yìn ààrò ni a ti rí ojú oórì náà. Bí àṣà ilé àtijọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wa, inú ọgbà ilé ara rẹ̀ ni wọ́n sin Màmá Oníbúrẹ́dì sí, lẹ́bàá ààrò tó fi tọ́ ọmọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ọmọ fẹ ilé búrẹ́dì sẹ́yìn, ojú oórì sì bọ́ sábẹ́ páànù. Bàbá Délé sáré sọ pé àwọn tó wá wo ilé náà rí sá nítorí rẹ̀, pé ẹni tó bá rà á lè wó o tó bá wù ú. Bàbá Àgbà ṣí fìlà, wọ́n tẹ orí ba díẹ̀.

“Màmá, ẹ kú ilé o.”

Màmá Àgbà fárígá nígbà tí a délé. Wọ́n ní àwọn ò ní kó kúrò ní Ìkìrun lọ máa bá òkú obìnrin kan gbé ọgbà kan náà. Wọ́n tún ní ọjọ́ orí ọkọ àwọn kọjá ti ilé ríra. Bàbá Àgbà jẹun tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n ní, “Obìnrin yẹn ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu. Kò sì ní bá ẹ du ọkọ.” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá Àgbà kí wọ́n tó mọ̀. Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò jẹ́wọ́ títí di òní.

Àṣìṣe kan wà tí gbogbo wa ṣe. Bàbá Àgbà bi Bàbá Délé pé, “Ṣé gbogbo ọmọ ìyá ló gbọ́?” Bàbá Délé ní gbogbo wọn ni. Òótọ́ ni wọ́n rò pé àwọn sọ. Àwọn àti àbúrò wọn ọkùnrin méjì tó wà ní Èkó ni wọ́n kà. Àbúrò wọn obìnrin, Ìyá Títí, wà nílé ọkọ ní Inísà, kò sì sí ẹni tó rántí sọ fún wọn. Ọkùnrin ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ ilé, bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, Ìyá Títí nìkan ló ń ti Inísà wá gbá ojú oórì náà, tó ń fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́. Bàbá Àgbà náà ò wádìí kọjá ẹnu àwọn ọkùnrin.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, a bá Ìyá Títí lórí ojú oórì. Wọ́n jókòó sórí rẹ̀, wọ́n fi ìró bo ẹsẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ilẹ̀kùn. Ọjà ni wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n ti ta ilé ìyá wọn. Bàbá Délé ń laágùn. Wọ́n bẹ àbúrò wọn, wọ́n jágbe mọ́ wọn, wọ́n tún bẹ̀ wọ́n. Ta ló máa fọwọ́ kan àgbàlagbà obìnrin tó jókòó sórí ojú oórì ìyá rẹ̀? Mo wo Bàbá Àgbà, mo sì mọ̀ pé tí ilé yìí bá bọ́, wọn ò ní rí irú rẹ̀ mọ́ láyé wọn.

Bàbá Àgbà fa páálí kan, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n jókòó nísàlẹ̀ Ìyá Títí.

“Ẹ má bínú,” ni wọ́n wí. “Ó yẹ kí n ti wá bá yín ní Inísà. Irú èèyàn wo ni ìyá yín?”

Nígbà tó yá, Ìyá Títí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ bí ìyá wọn ṣe máa ń po ìyẹ̀fun kí ìlú tó jí, bí wọ́n ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ̀ bóyá ààrò ti gbóná tó, bí wọ́n ṣe máa ń fún ọmọ tó bá ń ti oko bọ̀ ní búrẹ́dì tó bá fẹ́ jóná. Bàbá Àgbà ń bèèrè, wọ́n ń fèsì. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Títí wá gbé ojú sókè.

“Bàbá, mo ti rí i pé ẹ ò ní wó o. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ̀yin náà ti dàgbà. Tí ẹ bá kú ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ yín máa jẹ́ kí n wọlé?”

Bàbá Àgbà dìde, wọ́n ní ká lọ. Títí a fi dé Ìkìrun, wọn ò wo òrùlé kankan.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Màmá Àgbà pè mí lórí fóònù. “Bọ́lá, wá wo bàbá rẹ. Ó ti gbé igi abẹ́ ibùsùn jáde.”

Mo bá wọn nínú èérún pákó, ìrókò ti di ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ilẹ̀kùn àbáwọlé ńlá tí wọ́n ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ilẹ̀kùn kékeré ni, èyí tí obìnrin tó kúrú díẹ̀ lè gbà wọlé láìtẹrí. Wọ́n gbé e lọ sí Òkukù. Wọ́n ní kí Bàbá Délé jẹ́ kí àwọn lu ògiri ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, níbi tó kọjú sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè ṣí tààrà sí ojú oórì.

“Ilé tí ẹ ò tíì rà lẹ fẹ́ lù?” ni Bàbá Délé bèèrè.

“Tí mi ò bá rà á, ẹ ṣáà máa ní ilẹ̀kùn.”

Wọ́n lu ògiri, wọ́n gbé férémù sí i, wọ́n kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ gbẹ, wọ́n ránṣẹ́ sí Inísà. Ìyá Títí dé, wọ́n dúró lójú ọ̀nà. Bàbá Àgbà fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí ilẹ̀kùn náà ní lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Mi ò lè dúró fún àwọn ọmọ mi lẹ́yìn tí mo bá kú. Àmọ́ ilẹ̀kùn yìí ò sí lára ohun tí mo fẹ́ rà. Tiyín ni.”

Ìyá Títí ṣí i, wọ́n wọlé, wọ́n tì í. A ń dúró. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé wá.

Ẹ bá mi wo ọdún tó tẹ̀lé e! Bàbá Àgbà kó irinṣẹ́ wọn wọ Òkukù bí ọkọ ìyàwó. Ààrò búrẹ́dì ń gbẹ pákó, àwọn káfíńtà ń ti Ìkìrun àti Inísà wá wò ó. Ayùn ń dún títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Màmá Àgbà tí wọ́n ní àwọn ò ní wá ti gbin ewédú sí ẹ̀yìn ilé. Pákó lásán ni Bàbá Àgbà fi ṣe ilẹ̀kùn àbáwọlé ṣọ́ọ̀bù, kò sì dà bíi pé ó dùn wọ́n. Láàárọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ayùn, wọ́n á kí ẹni tó wà ní ẹ̀yìn ààrò. Ìyá Títí ń wá nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n ń gba ilẹ̀kùn wọn wọlé, wọ́n ń gbá ojú oórì, nígbà mìíràn a ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wá.

Ìkìrun la sin Bàbá Àgbà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn, bí wọ́n ṣe fẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ọmọ wọn wá sí Òkukù, a jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò màmá mi tó wà ní Èkó ń sọ pé ibẹ̀ tóbi, pé ọ̀pọ̀ nǹkan lèèyàn lè fi ṣe. Ìgbà yẹn ni a gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn yẹn; ẹni tó ni ín ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i.

Ìyá Títí ni. Wọ́n ti rù gan-an, ọmọ wọn, Títí, dì wọ́n lápá mú. Wọ́n kí wa kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n sì na ọwọ́ sí màmá mi tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí. Kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú rẹ̀.

“Ẹni tó fún mi ti lọ,” ni wọ́n wí. “Mo ní kí n tètè gbé e wá, kí ẹ má baà wá gbà á lọ́wọ́ mi.”

Àbúrò màmá mi fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá mi gbé ọwọ́ sókè dá wọn dúró. Wọ́n kọjá lára ọwọ́ tí Ìyá Títí nà, wọ́n lọ síbi ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i. Wọ́n dẹtí sí i.

“Bọ́lá, bá mi bu epo díẹ̀ wá,” ni wọ́n wí. “Ilẹ̀kùn Ìyá Títí ti ń dún.”

Mo bu epo wá. Màmá mi fi ìka ta á sí irin rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n sì ń ṣí i, wọ́n ń tì í, títí kò fi dún mọ́. Ìyá Títí dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n di kọ́kọ́rọ́ padà sí etí ìró wọn, wọ́n ní kí Títí fún àwọn ní ìgbálẹ̀.